Ọjọ́ Méjì Lórí Ìwé Kan: Àyẹ̀wò Ìtẹ̀jáde The History of the Yorubas

Ìwé The History of the Yorubas tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ wà lára àwọn ìwé tí àwọn olùwádìí kì í yé tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá bá délẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọjọ́ méjì ni ìwé náà ní, àti pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ wá àyípadà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èyí tí ó ń lò nínú méjèèjì.

Ní 1897 ni Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé tí a fi ránṣẹ́ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹkọ̀wé sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ tún un kọ. Ní 1916, ọkọ̀ òkun Appam tó ń gbé e lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde, lẹ́yìn ikú Obadiah pàápàá.

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú ìṣòro yìí. Nínú Git, ètò ìtọ́jú ẹ̀dà tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní 2005, àyípadà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ìkọ àti ọjọ́ ìfipamọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó fi í pamọ́. Bí a bá tún iṣẹ́ náà tò, ọjọ́ ìfipamọ́ ni yóò yí padà; ọjọ́ ìkọ yóò dúró bí a kò bá dìídì yí i. Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Bí a bá fi àṣẹ --since tàbí --until wá nǹkan, ọjọ́ ìfipamọ́ ni Git fi ń ṣàṣàyàn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìkọ ni git log sábà máa ń fi hàn. Iṣẹ́ tí a kọ ní oṣù kìn-ín-ní, tí a tún tò ní oṣù kẹfà, lè ṣàì jáde fún ẹni tó ń wá ti oṣù kìn-ín-ní.

Inú ọ̀fìn yìí kan náà ni ẹni tó kọ “Johnson 1921” lè jìn sí, tí yóò sì gbà pé ohùn 1897 ni òun ń gbọ́. A kò lè pe Obadiah ní ọ̀dàlẹ̀, nítorí ó sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé òun tún ìwé náà kọ. Àléébù ibẹ̀ ni pé, nínú ìtàn fúnra rẹ̀, kò ya ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ti àbúrò ní gbólóhùn dé gbólóhùn. Ẹ̀rí inú ìwé nìkan ló kù: gbólóhùn tó bá mẹ́nu kan ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1901 kò lè ti ọwọ́ Samuel wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti yàrá ìkàwé. Ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ìlobùú, níbi tí ìjà ilẹ̀ ti gba ẹ̀mí ní 2025, ìwé ìtàn ìlú lè di ẹ̀rí. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé tó ní 1985 lójú bá sọ pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Ìfọ́n wà, ọwọ́ mìíràn ti kàn án. Èyí kò sọ gbogbo ìwé náà di irọ́. Ó ń béèrè pé kí a wádìí ohun tí ọwọ́ kejì fi kún un, pàápàá níbi tí ó bá ti ń sọ̀rọ̀ ààlà. Olóòtú tó bá ń tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan bo èkejì. Kí ó tẹ méjèèjì, kí ó sì dárúkọ ẹni tó ni ọwọ́ kọ̀ọ̀kan.