Àlọ́, Ayò àti Ohùn Ọmọdé: Àyẹ̀wò Ìlò Eré nínú Iṣẹ́ Ìgbáyégbádùn Ọmọ

Bí ọ̀rọ̀ bá kan àlọ́ àti eré òṣùpá, ìwúlò kan ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá máa ń fi ṣíwájú: kíkọ́ ọmọ ní ìwà. Èrò náà kò ṣàìtọ̀nà, ṣùgbọ́n àgbà nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ kàn ń gbọ́ ni. Òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, tí àwọn ará ìlú ń pè ní wẹ́fíà, kò wá kọ́ ọmọ ní ìwà. Ó wá mọ ohun tí ojú ọmọ ti rí. Bí ó bá pa àlọ́ Ìjàpá fún ọmọ tí alágbàtọ́ ń lù ní àlùbolẹ̀, tí ó wá fi ẹ̀kọ́ ìgbọràn kádìí rẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn tí ó fẹ́ ṣí.

Ìwé tí Virginia Axline, ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1947 lórí fífi eré ṣe ìwòsàn gbé òdìkejì èyí kalẹ̀: ọmọ ni yóò ṣíwájú, àgbà ni yóò tẹ̀lé. Nínú Dibs: In Search of Self (1964), ọmọkùnrin tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń ṣiyèméjì nípa làákàyè rẹ̀ fi yanrìn àti ọmọlángidi sọ ohun tí kò rí ẹnu sọ nílé. Àléébù ìlànà Axline ni yàrá tí ó kún fún ohun ìṣeré, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Ti Donald Winnicott, oníṣègùn ọmọdé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà ju bébà àti pẹ́ńsù lọ. Àgbà yóò fa ìlà wúruwùru, ọmọ yóò sọ ọ́ di ohun tí ó wù ú, lẹ́yìn náà ọmọ yóò fa tirẹ̀ fún àgbà. Èyí kò jìnnà sí àlọ́, nítorí apàlọ́ kò lè dá a ṣe láìsí agberin. Kí apàlọ́ dúró níbi tí Ìjàpá ti kó sí wàhálà, kí ó ní kí ọmọ máa bá ìtàn náà lọ.

Ayò tilẹ̀ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ni yóò gba ojú àwọn méjèèjì. Láwùjọ tí wọ́n ti kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ àgbà, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n ń kọ sínú fáìlì ní oríkunkun lè jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé lásán. Nídìí ayò, ọ̀ta lè fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ìbáà jẹ́ àgbà ni ọ̀pẹ náà. Ibo ni ọmọdé tún ti rí irú àyè bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, eré kì í ṣe ẹ̀rí. Àwòrán ènìyàn tí kò lọ́wọ́ lè túmọ̀ sí pé ọmọ náà kò mọ ọwọ́ yà. Òṣìṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, tàbí tí ó rí ẹ̀rín ọmọ nídìí ayò tí ó sì dá a padà síbi tí wọ́n ti ń nà án, ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé (1989) ka iṣẹ́ ọnà mọ́ ọ̀nà tí ọmọ lè fi sọ èrò rẹ̀ ní abala 13. Abala 12 ní kí wọ́n ka èrò náà sí. Ohun tí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ nípa àwòrán náà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọ fáìlì, kí ìtumọ̀ òṣìṣẹ́ tó tẹ̀lé e.