Ẹni Tí Ó Kọ́kọ́ Sáré Lọ Bá Alùpùpù

Ní ìdí ọpọ́n ayò, àwọn tí kò fọwọ́ kan ọmọ ayò ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń pọ̀ jù. Wọn a máa bú òpè, wọn a máa yin ọ̀ta, wọn a sì máa sọ ojú ọpọ́n tí ó yẹ kí a ti kó ayò kí ẹni tí ń ta á tó pinnu ohun tí ó fẹ́ ṣe. A kì í sábà ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí lámèyítọ́. Èmi pàápàá kò kà á sí i ní gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní lámèyítọ́ ewì àti eré-oníṣe. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan báyìí tí mo ti ń yà ní ilé géèmù kan tí ó wà ní oríta àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ohun tí mo sì gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tí ń gbá eré alùpùpù níbẹ̀ ti mú kí n tún èrò mi pa. Lámèyítọ́ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í sanwó kí wọ́n tó ka ewì tí mo bá yàn fún wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti sanwó, nítorí náà wọn kì í fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n méjì ni ó wà nínú ilé náà. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá lórí èyí tí ó tóbi láti àárọ̀ títí di alẹ́. Orí èyí tí ó kéré ni eré alùpùpù wà: MotoGP 21, tí ilé-iṣẹ́ Milestone ní ìlú Milan ní ilẹ̀ Ítálì gbé jáde ní 2021. Ìdíje alùpùpù àgbáyé ni eré yìí ń tẹ̀ lé. Orúkọ àwọn eléré ìje náà ni, pápá ìje wọn náà ni, títí dórí àwọ̀ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀. Àwọn tí ń gbá a kò ju mẹ́fà lọ. Ọmọ àbúrò mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òun ni ó sì mú mi débẹ̀.

Ẹjọ́ bíréèkì ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nínú eré yìí, bí ènìyàn bá tẹ bíréèkì iwájú ju bí ó ti yẹ lọ, ìdí alùpùpù yóò gbé nílẹ̀. Bí ó bá sì di bíréèkì náà mú títí alùpùpù fi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nínú kọ́nà, táyà iwájú yóò yọ̀, ó di ilẹ̀. Àfi kí ó tètè mú bíréèkì nígbà tí alùpùpù ṣì dúró ṣánṣán, kí ó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń tẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè mọ èyí. Kọ́nà àkọ́kọ́, ó ṣubú. Kọ́nà kejì, ó tún ṣubú. Mo rí ọmọ kan tí ó ju páàdì sílẹ̀ tí ó ní, "Géèmù yìí kórìíra èèyàn!" Ẹlòmíràn tí ó ti fi bí oṣù méjì kọ́ ọ dá a lóhùn pé géèmù náà kò kórìíra ẹnikẹ́ni, pé ó jọ òótọ́ ni. Ti àkọ́kọ́ ní, "Òótọ́ wo? O ti gun irú ẹ̀ rí?" Kò sí ẹni tí ó ti gùn ún rí nínú wọn. Alùpùpù tí ń sáré ju 350 kìlómítà lọ ní wákàtí kan ní pápá Mugello ní Ítálì kò sí ní Ìbàdàn.

Gbólóhùn "ó jọ òótọ́" yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Àwọn tí ń wo eégún alárìnjó láyé àtijọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí eégún bá di erè lójú agbo, tàbí tí ó di ọ̀nì, ìfarajọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀: bí ó ti ń wọ́, bí ó ti ń yanu. Kò sí òǹwòran tí yóò ní eré náà kò dára nítorí pé erè kò gbé ẹnikẹ́ni mì. Ọ̀tọ̀ ni ti agbo ìjàkadì. Níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹnì kan gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ìṣubú yẹn gan-an sì ni ìdájọ́. Géèmù bọ́ sí àárín méjèèjì. Àwòrán ni ó fi ń dárà bí alárìnjó, síbẹ̀ ó fẹ́ kí ènìyàn ṣubú bí oníjàkadì. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá ń jiyàn, àwọn kan ń wo erè, àwọn kan ti wọ agbo ìjàkadì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń lò fún ohun méjì.

Ìjiyàn náà ti pẹ́ ju àwọn tí ń jà á lọ. Nígbà tí Sega ní ilẹ̀ Jàpáànù gbé Hang-On jáde ní 1985, tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Yu Suzuki, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan bí odidi alùpùpù. Ẹni tí ń gbá a yóò gùn ún, yóò sì fi ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún tàbí sí òsì kí ti inú àwòrán tó yà. Ara ènìyàn ni eré yẹn fi jọ òótọ́. Kò ka ìṣubú sí nǹkan kan. Bí alùpùpù bá kọlu pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, iná a sọ, kò sì ní pẹ́ tí eléré yóò tún wà lórí òmíràn. Àkókò nìkan ni ó pàdánù.

Road Rash ni ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìṣubú lọ́kùn-únkúndùn lójú tèmi. Electronic Arts ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní 1991 fún ẹ̀rọ Sega, ẹ̀dà ti kọ̀ǹpútà sì jáde ní 1996. Ojú ara mi ni mo fi rí i ní 1999, ní ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń bá mi tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Bí ọ̀gá ìsọ̀ bá ti jáde báyìí, ọmọ tí ń tẹ iṣẹ́ náà yóò pa ojú ewé mi dé, yóò sì ṣí Road Rash. (Ọ̀sẹ̀ méjì ni orí kẹta iṣẹ́ náà fi pẹ́. Mo ti dárí jì í.) Ìje tí òfin kò fọwọ́ sí ni, lójú títì Kalifóníà, láàárín ọkọ̀ àwọn tí ń lọ sí ẹnu iṣẹ́ wọn. Eléré lè gbá ẹnìkejì rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́, ó lè ta á ní ìpá, ó lè já kùmọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣubú, alùpùpù a fò lọ síbì kan, òun náà a fò lọ síbòmíràn. Yóò dìde, yóò sì fi ẹsẹ̀ sáré padà lọ bá alùpùpù rẹ̀. Bí alùpùpù náà bá bàjẹ́ tán, owó àtúnṣe yóò jáde láti inú owó tí ó ti jẹ. Bí ọlọ́pàá bá mú un, yóò san owó ìtanràn. Bí kò bá ní owó náà, eré parí. Ọmọ tí ń tẹ iṣẹ́ mi kò sọ rí pé eré yẹn jọ òótọ́. Ẹ̀ṣẹ́ àti kùmọ̀ ni ó ń ròyìn rẹ̀, ẹ̀rín ni ó sì ń rín.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn èyí ni MotoGP 21 wá fi irú eré ẹsẹ̀ yẹn kún iṣẹ́ tirẹ̀. Eléré tí ó bá ṣubú yóò dìde nínú yanrìn, ẹni tí ó mú páàdì yóò sì darí rẹ̀ títí yóò fi dé ìdí alùpùpù tí yóò sì gùn ún. Kò sí ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ní oríta wa tó èyí. Ọmọ àbúrò mi ní ibẹ̀ gan-an ni òun fi fẹ́ràn géèmù náà, pé ẹni tí ó bá ṣubú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ṣubú. Ọmọ tí ó ju páàdì sílẹ̀ ní ọjọ́sí ní, "Ṣé eré ẹsẹ̀ ni mo sanwó fún ni?" Ó fi kún un pé bí ọkùnrin náà ti ń sáré kò tilẹ̀ dára í wò, pé kí ó tó dé ìdí alùpùpù rẹ̀ ẹni tí ó kẹ́yìn ìje ti wọ kọ́nà lọ, àti pé ìyípo mẹ́ta péré ni ìje tí a ń gbá níbí. Kí ni ẹni tí ó sanwó ìyípo mẹ́ta fẹ́ fi ìyípo kan sá kiri inú yanrìn ṣe? Nínú eré kan náà, ọ̀nà wà láti dá àkókò padà sẹ́yìn, kí ó sì dà bí ẹni pé ènìyàn kò ṣubú rárá. Òun a máa lo ìyẹn.

Wọ́n bi mí ohun tí mo rò. Mo gbè sẹ́yìn ọmọ yìí, mo sì ṣe bí olùkọ́. Mo ní ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò bá yí òpin ìtàn padà kò yẹ ní ibi tí ó wà, pé bí ó bá jẹ́ ìtàn àròsọ ni, n ó fa ìlà pupa sí i.

Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń gba agbára sínú fóònù rẹ̀ ní ilé géèmù yìí ní ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́kadà ni. Kì í gbá géèmù, kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ náà ó ní, "Ẹ má bínú o, Dókítà. Ọkùnrin yẹn ò lè ṣe kó má sáré. Ẹni tó bá ń yẹ ara ẹ̀ wò kọ́kọ́, òun ló ni ọ̀kadà ẹ̀." Ó yọ fóònù rẹ̀, ó sanwó, ó lọ.

Ní 2004, ọ̀kadà tí mo gùn ṣubú ní Mọ́kọ́lá. Òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ wà lójú ọ̀nà, orí méjì nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi sì wà nínú àpò tí mo gbé kọ́ apá. Ojúgun mi ọ̀tún ṣẹ́. Títí di òní, bí otútù bá mú, n kì í rìn geere. Ọlọ́kadà náà dìde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ìgúnpá rẹ̀, ó sì sáré. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni ó sáré lọ. Ó gbé alùpùpù náà dìde, ó yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó yẹ iná iwájú rẹ̀ wò, ó ta á títí ó fi dún, kí ó tó wá wo ẹni tí ó gbé. Àwọn ìyá tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ti wọ́ mi kúrò lójú títì nígbà yẹn. Nǹkan bí ogún ọdún ni mo fi ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbàkígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Mo máa ń sọ ọ́ dáadáa. Wọn a máa pòṣé níbi tí mo fẹ́ kí wọ́n ti pòṣé. Kò ṣe mí rí kí n béèrè ẹni tí ó ni alùpùpù náà, tàbí iye tí ọkùnrin yẹn gbọ́dọ̀ kó lé e lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ́ olùkọ́ tí ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n wá ìdí ìwà ẹ̀dá-ìtàn kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́.

Nítorí náà mo ní láti tún eré wọ̀nyí dá lẹ́jọ́. Road Rash, tí kò sí ẹni tí ó pè é ní òótọ́, mọ ohun tí alùpùpù jẹ́ fún ẹni tí kò ní òmíràn: gbèsè ni, bí ó bá sì fọ́, ìwọ náà ti parí. MotoGP 21 mọ táyà, ó mọ bíréèkì, ó mọ bí ara ṣe ń tẹ̀ nínú kọ́nà ju ti ẹnikẹ́ni tí ó ṣáájú rẹ̀ lára àwọn tí mo ti rí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ń sáré nínú yanrìn rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní owó. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ni alùpùpù náà. Àmì ìdíje ni ó ń sáré lé. N kò dá géèmù náà lẹ́bi lórí èyí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìje tí ó ń ṣe àfihàn rẹ̀ rí. Ibi tí mo ti dá a lẹ́bi ni pé ó mú kí ènìyàn sáré, ó sì tún fi bọ́tìnì tí yóò pa ìṣubú rẹ́ sábẹ́ ìka rẹ̀. Ẹni tí ó ní òun kò sanwó eré ẹsẹ̀ jàre níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tí mo fi gbè sẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ náà kọ́ nìyẹn.

Wọ́n tún fi eré mìíràn hàn mí, TT Isle of Man, tí Kylotonn ní ilẹ̀ Faransé ṣe ní 2018. Ọ̀nà àrìnkiri àwọn ará erékùṣù náà ni pápá ìje rẹ̀, nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà yí ká, ògiri òkúta àti ilé lọ́tùn-ún lósì. Láti 1907 ni wọ́n ti ń sá ìje TT ní erékùṣù yẹn, àwọn eléré tí ó sì ti kú lórí ọ̀nà orí òkè yìí ju 250 lọ. Àwọn ọmọ ní ẹ̀rù rẹ̀ dára. Wọ́n pa á tì nítorí pé ìyípo kan ti gùn jù fún owó wọn. Èmi kò lè wò ó pẹ́. Ẹni tí ó bá fi orí sọ ògiri níbẹ̀ yóò tún wà lórí alùpùpù kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Ní ọjọ́ kan ní oṣù tí ó kọjá, mo sanwó, mo sì gba páàdì. Inú àwọn ọmọ dùn, ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù pàápàá yí ojú padà. Kọ́nà àkọ́kọ́ ni mo ti ṣubú. Gbogbo wọn pariwo pé, "Dókítà, ẹ dá a padà! Ẹ tẹ bọ́tìnì yẹn!" Ọmọ àbúrò mi nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin tí ó wà nínú àwòrán ti dìde. Mo jẹ́ kí ó sáré. Kò sáré tààrà, nítorí pé èmi ni mo ń darí rẹ̀. Ó kọjá alùpùpù náà, ó padà, ó tún kọjá rẹ̀. Nígbà tí ó fi gùn ún, kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà mọ́. Ọmọ tí ó kàn na ọwọ́ sí páàdì. Mo ní kí ó fara balẹ̀, ó ku ìyípo méjì.