Àkọtọ́ Mọ́, Èrò Ńkọ́? Àgbéyẹ̀wò Àkójọ Ọ̀rọ̀ Yorùbá láti Ọwọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ fún ìlò ẹ̀rọ ayárabíàṣá, tí wọ́n sì ń pín àbọ̀ ìwádìí wọn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka irú pípín bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀rí pé ìmọ̀ ẹ̀rọ lè bá ìwà ọmọlúàbí rìn. Èrò tí a gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹ̀rí náà kò tíì pé. Kí a pín nǹkan dára, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí tún ń béèrè ibi tí a ti rí i, ẹni tó ni ín àti ohun tí yóò sọ nípa wa bí ẹ̀rọ bá ti kọ́ ọ tán.

Iṣẹ́ tí a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni èyí tí Jesujoba Alabi, Kwabena Amponsah-Kaakyire, David Adelani àti Cristina España-Bonet gbé jáde ní àpérò LREC ọdún 2020 lórí èdè Yorùbá àti Twi. Akẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ni Adelani ní Yunifásítì Saarland ní Jámánì nígbà náà. Ìbéèrè wọn kò le: èwo ló sàn fún ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí a kàn wọ́ jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àbí ìwọ̀nba tí a fara balẹ̀ ṣà? Wọ́n fi hàn pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti fi kọ́ ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ kún fún ìdọ̀tí: ọ̀rọ̀ èdè mìíràn wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní àmì ohùn. Ìwọ̀nba tí a ṣà ló mú èsì tó dára jù wá.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwa tí a ń kọ́ni ní àkọtọ́. Bí a bá yọ àmì kúrò lórí igba, igbá, ìgbà àti igbà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yóò rí. Òǹkà, ohun èlò, àkókò àti okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ yóò wá di ọ̀kan náà. Ohun tí àwọn olùkọ́ èdè ti ń tẹnu mọ́ ní kíláàsì láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí fi òǹkà àti ìdánwò ti lẹ́yìn. Ó yẹ kí a yìn wọ́n fún un.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro tí mo fẹ́ tọ́ka sí ti bẹ̀rẹ̀. Níbo ni a ti ń rí Yorùbá tó pọ̀, tó sì ní àmì ohùn lórí pérépéré? Inú ìwé ẹ̀sìn ni: Bíbélì, àti àkójọ tí a ń pè ní JW300, èyí tí a kó láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Lóòótọ́, àwọn olùwádìí náà fi ìròyìn àti àwọn orísun mìíràn kún un, síbẹ̀ ìwé ẹ̀sìn ló gba apá tó pọ̀ jù. Bí a bá wá fi àmì ohùn nìkan ṣe òṣùwọ̀n ìmọ́tótó, bí àkójọ náà ti ń mọ́ sí i ni yóò máa di ti ìjọ Kírísítẹ́nì sí i. Àkọtọ́ mọ́, ṣùgbọ́n èrò tó wà nínú rẹ̀ ti fì sí apá kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi Èṣù ṣe àpẹẹrẹ. Nínú Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, Èṣù ni orúkọ tí a fún ọ̀tá Ọlọ́run. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ẹ̀wẹ̀, òrìṣà oníbodè ni, òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ̀rọ̀ kan rìn ni ẹ̀rọ fi ń mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí Bíbélì ni olórí olùkọ́ rẹ̀ kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ Èṣù tí àwọn babaláwo mọ̀. Àríyànjiyàn tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe lórí ìtumọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́ yóò wá parí sínú ẹ̀rọ láìsí ẹni tó dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín náà ṣe pàtàkì. Nígbà tó yá, wọ́n yọ JW300 kúrò lórí OPUS tí a ti ń gbà á, nítorí ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ tí a ti kọ́ lé e lórí ti wà káàkiri kí èyí tó ṣẹlẹ̀. MENYO-20k, tí Adelani àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2021, gba ọ̀nà tó dára jù. Bí 20,000 gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀, láti inú ìròyìn, fíìmù, òwe àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ orísun kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ fi ṣòwò, nítorí pé àwọn kan lára àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Damilola Adebonojo àti Adesina Ayeni, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ èdè, wà lára àwọn òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ náà. Bákan náà ni MasakhaNER ti ọdún kan náà, tó kó èdè Áfíríkà 10 pọ̀, ní òǹkọ̀wé tó lé ní 50. Èyí ni mo kà sí ọmọlúàbí: ẹni tó ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní 2024, Orevaoghene Ahia, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé YORÙLECT jáde. Wọ́n fi ẹ̀ka-èdè Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ sí ẹ̀gbẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, wọ́n sì fi hàn pé ẹ̀rọ tó gbọ́ àjùmọ̀lò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ àwọn yòókù. Iṣẹ́ yìí ṣe ohun tí mo ń béèrè lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn: ó wo ẹni tí àkójọ ti fi sílẹ̀, ó sì lọ bá a ní ilé rẹ̀.

Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n lò. Ìjálá tí Adébóyè Babalọlá kọ sílẹ̀ àti ẹsẹ Ifá tí Wándé Abímbọ́lá tẹ̀ jáde ní àmì ohùn lórí; irú wọn ló lè mú òṣùwọ̀n náà dọ́gba. Àwa tí a wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ló mọ ibi tí wọ́n wà, àwa náà ló sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé sọ sí gbangba. Ẹ̀tọ́ òǹtẹ̀wé wà, ẹ̀tọ́ apohùn wà, èèwọ̀ àwo sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ kò lè dá ìyẹn yanjú.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo dá lábàá. Àkọ́kọ́, kí àkójọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àlàyé bí irú èyí tí Timnit Gebru àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dámọ̀ràn ní 2018, kí a sì fi ìwọ̀n ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀ka-èdè kọ̀ọ̀kan kún un. Èkejì, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá wọ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, kì í ṣe bí ẹni tí a pè láti wá tún àmì ohùn ṣe nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọdé ti ṣe tiwọn. Ó ku tiwa.