Àwọn Àlejò Mẹ́ta Inú Ilé Ramatoulaye

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan náà wọlé tọ Ramatoulaye nínú Une si longue lettre, ìtàn àròsọ tí Mariama Bâ, olùkọ́ kan ní Sẹ̀nẹ̀gàl, fi èdè Faransé kọ, tó jáde ní Dakar lọ́dún 1979. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Bâ ṣe gbówọ́ tó, kó gbé ìbẹ̀wò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Nígbà àkọ́kọ́, Tamsir ọmọ ìyá ọkọ, Mawdo ọ̀rẹ́ ọkọ, àti Ìmáàmù ló wá. Wọ́n lọ́ ọ̀rọ̀ lọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni, kí wọ́n tó wí i pé Modou ọkọ rẹ̀ ti gbé Binetou níyàwó. Binetou! Ọ̀rẹ́ Daba, àkọ́bí wọn obìnrin, tó máa ń wá kàwé nínú ilé wọn. Ọmọ méjìlá ni ìyálé ti bí fún Modou. Síbẹ̀ Bâ kò jẹ́ kó sunkún. Ó rẹ́rìn-ín, ó kí wọn kú iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ìtẹríba: kò fẹ́ kí wọ́n rí ìbànújẹ́ òun gbé lọ ròyìn níta ni.

Ọdún gorí ọdún, Modou kú. Lọ́jọ́ tí òkú pé ogójì, àwọn mẹ́ta náà tún dé. Tamsir ní tó bá ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, òun ni yóò ṣú u lópó, bí ẹni ń wí pé òjò yóò rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu opó là. Kò ké sí òfin, kò bú àṣà. Ìṣirò ilé Tamsir ló ṣe lójú rẹ̀: ìyàwó kan ń pa aró, èkejì ń ta èso, ẹ̀kẹta kò kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkọ wọn wá jókòó bí ọba. Òun kò ní ṣe ẹ̀kẹrin wọn. Wọ́n ní kó dákẹ́. Ó sọ ọ́ tán. Báyìí ló ṣe ṣí aṣọ lójú eégún, òwò obìnrin ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Bâ lè mú àlejò mìíràn wá lẹ́ẹ̀kejì, ìtàn kò ní dàrú. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ló jẹ́ kí èsì yẹn san gbèsè ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́tà tí Ramatoulaye kọ ni gbogbo ìwé náà. Aissatou ló ń lọ bá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò gba orogún ní tirẹ̀: ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kúrò nílé Mawdo ọkọ rẹ̀, ó kàwé di ògbifọ̀ ní ilé aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá fi í dójú ti ẹni tó dúró. Bâ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn ìwé Noma, lọ́dún 1980, ó sì tọ́ sí i: ó fi hàn pé obìnrin tí kò di ẹrù rẹ̀ lè kọ̀ jálẹ̀ nínú pálọ̀ ara rẹ̀, níwájú Ìmáàmù, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn.