Inú Eré Ni Gẹ̀ẹ́sì Ti Ń Wọlé

Nínú gbogbo eré tí mo ń gbé wọ kíláàsì àwọn ọmọ ọdún kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó "Kí ló lẹ́jẹ̀?" Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Olórí eré á máa dárúkọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ewúrẹ́, àgùntàn, adìẹ, àwọn yòókù á sì máa fi ohùn kan jẹ́rìí pé ó lẹ́jẹ̀. Lójijì á dárúkọ òkúta. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá yá dáhùn ti pàdánù. Mo mú eré yìí bó ṣe wà, mo kàn pààrọ̀ èdè rẹ̀, mo sì fi ìrìn rọ́pò ẹ̀jẹ̀. Mo á ní, "A goat can walk." Wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní, "Yes, it can!" "A hen can walk." "Yes, it can!" "A table can walk." Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń ronú ní èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Ọwọ́ á ti gbéra láti pàdé ara wọn, wọ́n á dúró lágbedeméjì.

Ọwọ́ tó dúró yẹn ni mo ń wá. Ọmọ tó ń kọ "Good morning ma, God bless you ma" láràárọ̀ kò nílò kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀; ohùn orin ló ń gbé e lọ. Mo ti rí ọmọ tó ka ewì Gẹ̀ẹ́sì láti òkè délẹ̀ níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ ìparí sáà, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kó mú ṣíbí wá ní èdè kan náà, yóò máa wojú yín ni. Ọpọlọ rẹ̀ pé. A ò tíì fún un ní ohun tó máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ni. Nínú eré, ọ̀rọ̀ níṣẹ́ tó ń ṣe: ẹni tí kò bá gbọ́ "table" kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Mo mọ àwọn olùkọ́ tó máa ń ra eré alápòótí tí wọ́n ṣe wá láti òkè òkun, tó láwọ̀, tó lẹ́wà. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ òfin eré tuntun àti èdè tuntun pọ̀ ti ru ẹrù méjì lórí kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yá eré ìta ilé wọn lò. Ẹ mú ẹkùn-mẹ́ran: ẹran wà láàrin agbo, ẹkùn wà níta, àwọn tó kù di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi kún un. Ẹkùn gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó dúró tì: "May I come in?" Ọmọ náà gbọ́dọ̀ fèsì kíá: "No, you may not!" Tí èsì bá fi lè pẹ́, ọ̀nà là nìyẹn, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ kí ẹkùn gba ẹ̀gbẹ́ òun wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo gbọ́ ọmọbìnrin kan lẹ́nu ẹ̀rọ omi tó yíjú sí ọmọ kíláàsì òkè tó fẹ́ já ìlà mọ́ ọn, tó sì wí fún un ketekete pé "No, you may not!" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ní sáà kìíní, n kì í fi ipá la ẹnu ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n James Asher, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà ìkọ́ni tí wọ́n ń pè ní Total Physical Response jáde ní àwọn ọdún 1960: olùkọ́ á pàṣẹ, ara akẹ́kọ̀ọ́ á dáhùn, ẹnu á wá tẹ̀lé e nígbà tó bá tó àkókò. Ó ṣàkíyèsí pé ọmọ ọwọ́ máa ń gbọ́ àṣẹ, á sì máa ṣe é, fún ọ̀pọ̀ oṣù kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Ìyá tó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ rí pé "gbà", "jókòó", "mú un wá" mọ̀ pé òótọ́ ni. Nítorí náà, ọmọ tó ń sáré lọ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí mo bá ní "Touch the door" ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lójú tèmi, bí kò tilẹ̀ tíì la ẹnu.

Ìró ni iṣẹ́ tó gba sùúrù jù. Ìró tó bẹ̀rẹ̀ "zip" àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ "van" kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Àní p pàápàá, tí a rò pé a ní, yàtọ̀: p inú "pátákó", k àti p ló ń dún níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ètè nìkan ló ń ṣe ti "pen", èémí á sì tú jáde. Bí mo bá fi ẹnu ṣàlàyé èyí fún ọmọdé, oorun ni yóò kùn ún. Nítorí náà, mo gé bébà pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, oníkálukú gbé tirẹ̀ síwájú ètè, ó di ìdíje: bébà ta ló fò jù bí a ti ń pe "pen", "pot", "paper"? Ti "fan" àti "van" ńkọ́? Ọwọ́ lórí ọ̀nà ọ̀fun. Ìkan ń gbọ̀n, ìkan ò gbọ̀n. Mo á dijú, wọ́n á pè é, mo á sọ èyí tí mo gbọ́. Bí mo bá sọ òmíràn, wọ́n mọ̀ pé ọ̀fun wọn ni kò gbọ̀n tó. Ètò Jolly Phonics, tó pín Gẹ̀ẹ́sì sí ìró 42, tó sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìṣe ara tirẹ̀, wà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà báyìí. Mo ń mú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìṣe ara níbẹ̀ tó dùn mọ́ àwọn ọmọ mi nínú tó bébà tó ń fò.

Àwọn òbí kan máa ń bi mí pé: "Àǹtí, ṣé Yorùbá tí ẹ fi ń ṣàlàyé eré fún wọn ò ní dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́?" Mo máa ń rán wọn létí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tó dáńtọ́ nínú rẹ̀ ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ó máa ń dùn mí dọ́kàn nígbà tí mo bá rí ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọdé nítorí pé ó sọ Yorùbá. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹnu ara rẹ̀, èdè wo ló fẹ́ fi ẹnu náà kọ́?

Ọjọ́ Ẹtì la máa ń ná ọjà. Agolo mílíìkì òfìfo, páálí ọṣẹ, ìdérí ìgò, bébà tí a gé ṣe owó. Kíláàsì wa kún, nítorí náà abẹ́ igi máńgò la máa ń lọ kí ariwo wa má baà dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, a ó pín ara wa sí ìsọ̀ ìsọ̀. "How much is this?" "Two hundred naira." "Please, reduce it." Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì ná an, ọjà á já owó fún un, ẹni tó bá fi Yorùbá ná an, iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni yóò san, kò sí èébú, kò sí ìjìyà. Mo á wá máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀: "What did he buy?" "What did she buy?" "Ó" ti Yorùbá kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin, ibí yìí ni "he" àti "she" sì ti máa ń dá dúró lẹ́nu wọn, torí pé oníbàárà gan-an ló wà níwájú wọn, agbọ̀n lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ gba ẹgbẹ̀rún náírà bébà lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, ó yí i wò lẹ́yìn, ó yí i wò níwájú, ó ní, "Customer, I don't have change. Come back tomorrow." Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Mo lọ kọ ọ́ sójú pátákó, òun ló sì kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń pè é.