Èló ni Òógùn?

Ìlera loògùn ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìlera náà pàápàá yóò di ọjà tí a ó máa ná bí ẹni ń ná àgbò iléyá. Ní Ìbàdàn tí mo ń gbé, ènìyàn kò lè rìn jìnnà ní Bódìjà tàbí Jẹ́ríkò kí ó má rí pátákó ìpolówó tí wọ́n ya géńdé ọkùnrin sí, tí iṣan apá rẹ̀ ta kókó, tí wọ́n sì kọ iye owó oṣù sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wá gbòde láàrin àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún ni èyí: èwo ni ó sàn fún àpò ẹni? Ṣé kí ènìyàn máa san owó oṣooṣù ní ilé eré ìdárayá, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní jíìmù, ni, àbí kí ó ra irin àti ẹ̀rọ tirẹ̀ sínú ilé, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ owó oṣù?

Mo fẹ́ yẹ ìbéèrè yìí wò bí a ti ń yẹ eré orí ìtàgé wò. Bí a bá ń ṣe lámèyítọ́ eré, a kì í béèrè iye tí wọ́n fi rán aṣọ àwọn òṣèré nìkan. A máa ń béèrè ohun tí eré náà ṣe fún ẹni tí ó sanwó wò ó. N kò sì lè ṣe lámèyítọ́ náà bí ẹni tí ó dúró lókèèrè, nítorí pé mo wà nínú eré yìí fúnra mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ lọ yẹ ara wa wò. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì ń ru. Dókítà kọ oògùn fún wa, ó sì kìlọ̀ pé oògùn nìkan kò tó, kí a máa fi ara ṣiṣẹ́. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní jíìmù ni n ó lọ. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ayálégbé ni ọ́! Ìwọ yóò máa san owó ilé fún onílé títí ayé. Èmi yóò kọ́ ilé tèmi.” Kò pẹ́ tí ó fi ra tírẹ́dímìlì, ẹ̀rọ tí ènìyàn ń sáré lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan. Ó gbé e sí pálọ̀, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Onílé, tí òun náà ń pè mí ní Ayálégbé.

Àfiwé rẹ̀ dùn, ó sì wọ Yorùbá létí. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́lé sàn ju ẹni tí ó ń yálé lọ? Ẹ jẹ́ kí a fi owó àpẹẹrẹ wò ó. Bí jíìmù bá ń gba ₦20,000 lóṣù, tí ẹ̀rọ sì jẹ́ ₦600,000, owó ẹ̀rọ náà yóò ká owó jíìmù ní ọgbọ̀n oṣù, èyíinì ni ọdún méjì ààbọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀fẹ́ ni Onílé ń sáré. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nìyí, òun náà sì ni àwọn tí ń ta ẹ̀rọ fẹ́ kí a máa ṣe.

Ṣùgbọ́n àléébù ńlá wà nínú ìṣirò yìí. Oṣù ni a fi pín owó, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oṣù ni a ń rà. Ìgbà tí a bá làágùn gan-an ni a ń rà. Bí mo bá lọ sí jíìmù ní ìgbà méjìlá lóṣù, ìgbà kan kò ju nǹkan bí ₦1,667 lọ. Bí mo bá lọ ní ìgbà mẹ́rin péré, ìgbà kan di ₦5,000. Bí Onílé bá lo ẹ̀rọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko, ìgbà kan kò tó ₦1,300. Ṣùgbọ́n bí ó bá lò ó ní ogún ìgbà péré kí ó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ₦30,000 ni ó fi làágùn lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn kúrò ní ilé tí a kọ́. Ó ti di ilé tí a kọ́ tí a kò gbé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni a ń tan ara wa jẹ. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2006. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ènìyàn 7,752 wò, àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní ilé eré ìdárayá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, fún ọdún mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n yàn láti máa san owó oṣooṣù tí ó lé ní 70 dọ́là kò lọ ju ìgbà 4.3 lóṣù, bí a bá pín in dọ́gba. Ìgbà kọ̀ọ̀kan wá ń ná wọn ní ohun tí ó lé ní 17 dọ́là, bẹ́ẹ̀ owó mìíràn wà tí wọn ì bá san, èyí tí a fi ń wọlé ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan kò ju 10 dọ́là lọ. Wọn kò ṣi owó kà o. Irú ènìyàn tí àwọn jẹ́ ni wọ́n ṣì mọ̀. Wọ́n fi owó òní ra ìwà tí wọ́n rò pé àwọn yóò ní lọ́la.

Èmi náà wà lára wọn. Oṣù kìíní ni mo forúkọ sílẹ̀, mo sì san owó ọdún kan pọ̀ nítorí pé wọ́n dín in kù. Mo ra bàtà àti ṣòkòtò. Ní oṣù kẹrin, bàtà náà ti di èyí tí mo ń wọ̀ lọ sí ọjà. N kò dẹ́bi fún ẹni tí ó ni jíìmù. Bí gbogbo àwa tí a sanwó bá yọjú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, kò sí ibi tí yóò kó wa sí. Àwọn tí kò wá wà lára ohun tí ó ń mú kí owó tí ó ń bù lé wa má wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Onílé ńkọ́? Ilé tí ó ní òun kọ́ ní owó orí tí kò kà mọ́ ọn. Iná ni ẹ̀rọ náà ń jẹ, iná sì ń ṣe ségesège. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tí yóò tan jẹnẹrétọ̀ kí ó lè sáré ní pálọ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ronú. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, tí iye rẹ̀ sì já wálẹ̀, tí ohun èlò tí ó ti òkè òkun wá fi di ọ̀wọ́n gógó, àti ẹ̀rọ, àti ẹ̀yà ara rẹ̀ tí a ó fi tún un ṣe. Ewu ọmọdé tún wà níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Peloton ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn oníbàárà dá tírẹ́dímìlì wọn tí ń jẹ́ Tread+ padà, lẹ́yìn tí ọmọ kan ti kú.

Síbẹ̀, n kò tíì kan ohun tí ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ni a ń sanwó fún gan-an? Bí ó bá jẹ́ pé irin ni, ẹni tí ó ní irin nílé ti borí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní jíìmù ní oṣù mẹ́ta tí mo fi lọ kọjá irin. Ojú ènìyàn ni. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń kí mi ní “Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” nígbà tí mo bá pa ọjọ́ jẹ. Ìtìjú ìkíni yẹn gbé mi dé ibẹ̀ ju owó tí mo san lọ. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹni tí ó dá nìkan sáré nínú pálọ̀ kò ní ẹṣin kankan níwájú, ògiri ni ó ń wò.

Àwọn baba wa mọ èyí láìkọ ọ́ sínú ìwé. Ẹkẹ tàbí gídígbò tí wọ́n ń jà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá ṣe nínú yàrá. Ìlù wà níbẹ̀, òǹwòran wà níbẹ̀, àwọn ọmọge tí ń fi ẹni tí wọ́n dá mọ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀. Orúkọ tí a sì fún un ni eré. Iṣẹ́ agbára pàápàá, àjọṣe ni. Bí wọ́n bá ń ṣe àárò lóko, orin ń gbé ọkọ́ sókè, orin sì ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ wá wo orírun tírẹ́dímìlì. Ní ọdún 1818 ni ẹnjiníà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Cubitt, gbé àgbá ńlá alátẹ̀gùn kalẹ̀ fún ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹlẹ́wọ̀n á máa gun àtẹ̀gùn tí kò lópin, kò sì ní kúrò lójú kan. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wọ́n, òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 1898 ni ó sì fòpin sí i. Orúkọ ẹ̀rọ ìyà yẹn ni ẹ̀rọ inú pálọ̀ ń jẹ́ títí di òní. N kò sọ pé ẹni tí ó rà á ń fi ìyà jẹ ara rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìrìn tí kò dé ibì kankan, tí kò sì sí ẹni tí a jọ ń rìn ín, máa ń tètè sú ènìyàn.

Mo tún rí ohun kan nínú ilé ọ̀rẹ́ mi tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tí ń gún iyán wà ní ilé ìdáná, kí apá má baà ro ẹnikẹ́ni. Irin gbígbé wà ní pálọ̀, kí apá lè ro ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sanwó fún apá kan náà. N kò ní kí a dá àwọn obìnrin padà sídìí odó. Wọ́n ti gúnyán tó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé ara kò mọ ìyàtọ̀ láàrin iṣẹ́ àti eré. Ní ọdún 1953, dókítà Jerry Morris fi hàn nínú ìwádìí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé àrùn ọkàn pọ̀ láàrin àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, ju láàrin àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ. Àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ kò sanwó jíìmù. Àwọn ni wọ́n ń sanwó fún.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọ̀rẹ́ mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, aṣọ àgbádá méjì àti tówẹ̀lì kan ni ó wà lórí tírẹ́dímìlì náà. N kò sọ pé ẹ̀rọ náà ni ó fa àìsàn, n kò sì sọ pé jíìmù ì bá dènà rẹ̀. Èmi tí mo sanwó jíìmù kò sàn jù ú lọ. Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ń ru bí ó ti ń ru tẹ́lẹ̀. Orí ni ó kó mi yọ. Ṣùgbọ́n ọdún tí a fi ń jiyàn lórí ẹni tí ó rajà lọ́gbọ́n jù nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tí ó làágùn nínú wa. Ní ilé ìwòsàn, ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìrìn padà, ọ̀pá kan lọ́wọ́, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí wá ni ìdájọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ni kí àgbàlagbà máa fi ara ṣiṣẹ́ níwọ̀nba. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́, fún ọjọ́ márùn-ún, ti tó bẹ̀rẹ̀, ìrìn kíákíá sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ náwó kọ́kọ́ rìn fún oṣù méjì ná. Bí kò bá lè rìn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó béèrè ohun tí ó dí i lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́, tàbí òpópónà tí kò ní ibi ìrìn, tàbí ojú àwọn ọkùnrin tí kò jẹ́ kí obìnrin rìn ní ìrọ̀rùn, ilé ni ó yẹ kí ó ti ṣe é, okùn àfifò tàbí irin tí ẹlòmíràn ti lò sì lè tó o. Àwọn tí wọ́n ní irin nílé ni wọ́n rọ́nà lọ nígbà tí jíìmù ti ilẹ̀kùn nínú àrùn Kòrónà ní ọdún 2020. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀lẹ ara rẹ̀ nìkan ni ó dí i, kí ó lọ sí ibi tí ènìyàn wà, kí ó sì máa san owó ìgbà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ irú ẹni tí òun jẹ́. À báà gúnyán nínú ewé, ká sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.

Ní tèmi, n kò san owó ọdún náà mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kò jìnnà sí mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣì ń wọ́ díẹ̀. Ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni ó máa ń fi ọ̀pá rẹ̀ kan géètì mi. Ọjọ́ mìíràn wà tí oorun ń kùn mí, tí n kò fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ tí ó ń pariwo níta pé, “Ayálégbé, ilẹ̀ ti mọ́ o!”, mo mọ̀ pé owó ilé mi ti pé, mo sì ń dìde lọ san án.