Ìmọ́lẹ̀ Àgbàlá ní Bamako

Ọdún 1948 ni Seydou Keïta ṣí ilé ìyafọ́tò rẹ̀ ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali, ṣùgbọ́n inú àgbàlá ló ti ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oòrùn ni iná rẹ̀. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, tó ní wajawaja létí, ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn wọn.

Ẹ wo obìnrin kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán Keïta. Aṣọ ara rẹ̀ lọ́nà, èyí tó dùbúlẹ̀ lé lọ́nà, tẹ̀yìn rẹ̀ náà lọ́nà. Ẹ ó rò pé yóò sọnù sáàárín wọn. Rárá o! Ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò ní ọnà lára, ìmọ́lẹ̀ sì rọra bà lé wọn, ibẹ̀ gan-an lojú ẹni ń lọ. Dúdú àti funfun péré ni Keïta fi ṣe àwòrán náà.

Keïta fúnra rẹ̀ ló máa ń tún ìjókòó oníbàárà ṣe, á yí èjìká sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé ọwọ́ síbi tó yẹ. Fíìmù wọ́n, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń tẹ kámẹ́rà.